Agogo Ẹnu Honorébù Adéyọ̀sí

Kí ẹ tó bá mi dé ibi kankan nínú ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ètè dé. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín títí yóò fi le, kí ẹ wá fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ró àbí kò ró? Ohun tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá pàlọ́ tán. Wọ́n á ní bí àwọn bá purọ́, kí agogo ẹnu àwọn má ṣe ró. Wọ́n á gbá a, pó, pó, pó, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, kálukú á sì wá ibi sùn sí. Eré ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò sí ọmọ kan tí wọ́n torí rẹ̀ nà, àfi ìgbà tí Honorébù Adéyọ̀sí Ògúnsànyà dé ipò.

Honorébù Adéyọ̀sí ni kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó Àṣà, Fíìmù àti Ìwà Ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ má wá ìjọba ìbílẹ̀ náà lórí máàpù. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ nítorí àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n ṣì ní ọmọbìnrin láti fi fọ́kọ. Fìlà ọkùnrin yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé láì tẹrí ba, bó bá sì ti ń tẹrí ba ni yóò máa pàṣẹ fún akọ̀wé rẹ̀, Fọlọ́runṣọ́, pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé náà kúrú. Fọlọ́runṣọ́ á sì kọ ọ́. Ìwé àwọn ilé tó kúrú ti kún dúrọ́ọ̀ méjì.

Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà láti kí i. Bó bá sín, Fọlọ́runṣọ́ á ní, "Ìlú ti gbọ́!" Bó bá yán, á ní, "Ìrònú ńlá ń bọ̀!" Bí oorun bá wá gbé e lọ lórí ìjókòó, ó sì máa ń gbé e lọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jí i. Òfin rẹ̀ wà lára ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ JÍ HONORÉBÙ TI DÍ ÌTẸ̀SÍWÁJÚ ÌLÚ LỌ́WỌ́. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn o, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ibo wá ni agogo ẹnu ti wọ ọ̀rọ̀ ìjọba? Nígbà tí Adéyọ̀sí wà lọ́mọdé ní Ìmọ́tà, kò mọ ìṣirò, kò lè sáré, bọ́ọ̀lù kì í sì í gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn tó wà lóko á gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó fi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láyé nìyẹn. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹyọ ẹ̀bùn kan, tí ìlú sì wá gbé àṣẹ lé lọ́wọ́, ẹ̀bùn náà ni yóò sọ di òfin. Ká ní fífò ló mọ̀ ọ́n ṣe ni, gbogbo wa là bá máa fò lọ sọ́jà.

Ní oṣù kejì tó dé ipò, ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé jọ, ó dìde, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko. N óò fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ pé n kò fún yín ní ìyókù.

"Ẹ̀yin olùkọ́ aláìlóǹkà! Èmi Adéyọ̀sí, ọmọ Ògúnsànyà, àtùpà tí kì í kú, kànga tí kì í gbẹ, mo wò yín, àánú yín ṣe mí. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ tó ń dá òpùrọ́ mọ̀. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ǹjẹ́ iná wà?"

"Kò sí!" ni àwọn olùkọ́ dáhùn, gbólóhùn kan ṣoṣo tó tọkàn wọn wá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò nílò iná! Láti òní lọ, ọmọ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, kó gbá agogo ẹnu. Bó bá ró, òótọ́ ló sọ. Bí kò bá ró, òpùrọ́ ni. Pàṣán mẹ́fà!"

Ó pe ètò náà ní Agogo Òótọ́. Fọlọ́runṣọ́ pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ilé-ìwé tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ni ti abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, nítòsí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ tẹ̀dó sí. Bí Honorébù ti dúró létí omi, tó ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìrẹ̀lẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà dé, ó ká fìlà lórí rẹ̀, ó gbé e sórí omi. Fìlà náà ń lọ ní tirẹ̀ bí ọkọ̀ apẹja. Gbogbo ènìyàn di ẹnu mú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rín bọ́ mọ́ lẹ́nu: kí-kí-kí, híkì! Ẹ̀rín tí òsúkè parí.

"Ta ló rẹ́rìn-ín?" ni Honorébù ké.

Ó to àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sórí ìlà, ó ní kí kálukú sọ pé òun kọ́, kó sì gbá agogo. Pó, pó, pó, ó ń ró lọ títí ó fi kan Tẹ́milọ́rùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí màmá rẹ̀ àgbà ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti rí pàṣán lọ́wọ́ Fọlọ́runṣọ́, ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n, omijé sì ti dé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn jáde, fùù. Ó tún fẹ́ ẹ. Fùù.

Honorébù fúnra rẹ̀ ló na ọmọ náà, ẹgba mẹ́fà, ó sì ń kà á sókè bí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀ bọ̀ láti òkè, n óò sì tún padà sí i, ṣùgbọ́n ibí yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú ṣì ń bí mi.

Ní Itamaga, ní Ìkòròdú, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lateefat Fẹ̀hìntọlá. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n fíìmù iwin ló wà lọ́kàn rẹ̀, irú èyí tí ọmọdé á wọnú igbó ẹlẹ́rù, tí ojú rẹ̀ á rí màbo, tí á sì jáde láàyè. Lọ́jọ́ kan tó lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo, ó rí ọmọdébìnrin kan tó jókòó sábẹ́ tábìlì, tó ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń gbá a, tí kò dúró.

"Màmá, kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" ni Lateefat bèèrè.

"Ó ń kọ́ ọ ni, ọmọ mi," ni ìyá àgbà náà wí, ó ń yí ẹja lórí atẹ. "Látọjọ́ tí wọ́n ti nà án nílé-ìwé. Kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, agogo yẹn nìkan ló ń gbá. Nílé, lọ́jà, nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí inú rẹ̀ bá balẹ̀, ó ń ró. Bó bá ti rántí ọjọ́ yẹn báyìí, ẹnu rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní ró mọ́. Wọ́n sì ní wọ́n fẹ́ mú òfin ọ̀hún dé gbogbo ilé-ìwé."

Lateefat gbàgbé ẹja tó wá rà. Ó wọlé tọ ọmọ náà lábẹ́ tábìlì, ó jókòó tì í títí ọjà fi fẹ́ tú.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, fíìmù ti wà. Iwin Inú Ẹ̀gún ló pè é. Tẹ́milọ́rùn ló ṣe ọmọ tó sọnù sígbó, àwọn ọmọ abúlé rẹ̀ ló sì ṣe àwọn tí iwin há mọ́ inú apẹ̀rẹ̀. Inú eré yìí ni ohùn ọmọ náà ti padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún ọmọ inú igbó ló ń sọ, kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà kò bà á lẹ́rù.

Ìròyìn fíìmù náà dé etí Honorébù pé ó kún fún ẹ̀rù, pé wọ́n ń na ọmọdé nínú rẹ̀. Ó bínú gan-an ni. Ó ránṣẹ́ pe Lateefat sí ọ́fíìsì.

"Ìwọ obìnrin yìí! O fẹ́ fi ìwà ipá ba ojú àwọn ọmọ mi jẹ́? Ní agbègbè mi, níbi tí ọmọdé ti ń sùn bí ọba?"

"Ẹ má bínú sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó ná kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́."

"Kí èmi wo nǹkan kí n tó dá a lẹ́jọ́?" Ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni, àga rẹ̀ sì rọ̀. "Ó dáa. Gbé e wá."

Lateefat ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Iwin yọ láàrin ẹ̀gún. Adé orí rẹ̀ ga débi pé ẹ̀ka igi ń fà á ya. Ogún aláǹgbá ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń mi orí sí gbogbo ohun tó bá sọ. Bó bá sín, wọ́n á kígbe pé, "Igbó ti gbọ́!" Bó bá pàdé ọmọdé, á ní kó gbá agogo ẹnu; èyí tí tirẹ̀ kò bá ró, á nà án, á sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀.

Òógùn bo Fọlọ́runṣọ́. Ó wo iwin, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Honorébù ní tirẹ̀ sún àga mọ́ tábìlì.

"Ta ni ọkùnrin oníyì yìí?"

"Iwin ni, sà," ni Lateefat wí.

"Iwin kẹ̀? Ẹni tó mọ àkóso báyìí? Wo bó ṣe ń rìn! Wo bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀! Fọlọ́runṣọ́, ǹjẹ́ o ti rí olórí tó dà báyìí rí?"

"Ẹyọ kan péré, sà," ni Fọlọ́runṣọ́ dáhùn.

Honorébù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n yí orúkọ fíìmù náà padà sí Ọba Inú Ẹ̀gún. Ó ń wò ó lọ, ó ń bá àwọn aláǹgbá mi orí, títí orí náà fi tẹ̀ síwájú tí kò sì padà sókè mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí fíìmù parí. Lateefat wo Fọlọ́runṣọ́. Fọlọ́runṣọ́ wo òfin tó wà lára ògiri. Àwọn méjèèjì jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ inú fíìmù ń ṣe ohun tó ń ṣe, iwin ń rí ohun tó ń rí, Honorébù sì ń han-an-run ní tirẹ̀. Nígbà tó jí, kọ̀ǹpútà ti dákẹ́.

"Ó parí dáadáa?"

"Ó parí dáadáa, sà," ni àwọn méjèèjì dáhùn pa pọ̀.

Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ní fíìmù yẹn gan-an ni wọ́n máa fi ṣí Agogo Òótọ́ ní gbangba, lójú àwọn èèyàn ńlá.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé tí wọ́n dá fún un, gbọ̀ngàn tí wọ́n lò ní Ẹ̀pẹ́ kún fọ́fọ́. Alhaja Fàlílátù, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ tó wá láti Ìkẹjà, wà níwájú, ìwé kan sì wà lórí itan rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, lọ́jọ́ Ajé ni gbogbo ilé-ìwé láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ Agogo Òótọ́, Honorébù ni yóò sì di olùdarí rẹ̀, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣèlérí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga. Tẹ́milọ́rùn jókòó ní ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ̀ àgbà. Ó mọ ohun tí ọjọ́ Ajé ń gbé bọ̀. Ìka rẹ̀ kò kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́.

Fọlọ́runṣọ́ bọ́ sórí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀gá rẹ̀. "Òkè ńlá tí afẹ́fẹ́ kò lè mì! Igi ńlá tí ìjì kò lè ṣí ní fìlà!" Atẹ́gùn ọ̀sà wà lẹ́nu fèrèsé, ó gbọ́, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n tan fíìmù sára aṣọ funfun tó bo ògiri. Iwin yọ, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn aláǹgbá kígbe pé igbó ti gbọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn bá wọn ké e. Honorébù dìde, ó juwọ́ sí wọn.

"Wọ́n fẹ́ràn ọba náà," ló sọ sétí Alhaja.

"Mo rí i," ni Alhaja wí. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara aṣọ funfun sí ara Honorébù, ó tún ń padà.

Wọ́n wá dé ibi tí oorun ti gbé Honorébù lọ lọ́jọ́ tó wò ó ní ọ́fíìsì. Ọmọ inú fíìmù dúró níwájú iwin, ojú ẹgba hàn lẹ́yìn rẹ̀. "Kábíyèsí," ló wí, "n óò gbá a. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà ló ń kọ́kọ́ wọ àwo. Ẹ kọ́kọ́ gbá tiyín." Àwọn aláǹgbá dẹ́kun orí mímì. Láti ọjọ́ tí igbó ti wà, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ sí iwin rí. Àwọn ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ orin:

*Ó ró, kò ró?*
*Ẹ jẹ́ á gbọ́.*
*Ẹnu tó ń bèèrè,*
*Ẹ jẹ́ á gbọ́.*

Iwin fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń pàṣẹ láti igba ọdún kò mọ bí wọ́n ti ń pa ètè dé. Fùù. Adé há sára ẹ̀gún. Aláǹgbá sá. Àwọn ọmọ já ìdè apẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń tiro jáde nínú igbó, wọ́n ń ka ara wọn bí wọ́n ti ń lọ, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Màmá àgbà Tẹ́milọ́rùn dìde, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láàrin àwọn èèyàn ńlá rí.

"Kì í ṣe àlọ́ o," ló wí. "Ẹ̀yìn ọmọ tèmi ni ẹ rí yẹn. Wọ́n nà án nítorí ẹ̀rín tí kò rín."

Alhaja yíjú. "Honorébù, ṣé ẹ ti na ọmọ kankan lórí agogo yìí?"

"Èmi? Àbùkù ńlá rèé! Èmi, baba àwọn ọmọdé! Gbogbo ẹni tí mo bá nà, ó jẹ̀bi ni. N kò na aláìṣẹ̀ rí láyé mi!"

"Ó dáa," ni Alhaja wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ètò yín ló wà lórí itan mi yìí. Ẹ ní bó bá ti ró, òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá a ká gbọ́."

Ayọ̀ kún inú Honorébù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè ní kó ṣe láyé, èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n bèèrè! Ó gun pèpéle, ó gba gbohùngbohùn, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wá wo iwájú. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin, kò sì sí orí kan tó ń mì sí i. Láti ọjọ́ tó ti dé ipò, kò tíì rí irú rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n.

Fùù.

Inú gbohùngbohùn, ó dún bí ìgbà tí táyà bá ń jò. Ó nu ẹnu, ó tún fẹ́ ẹ. Fùù. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́: ó ró, kò ró, ẹ jẹ́ á gbọ́.

Nígbà náà ni nǹkan kan bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lórí pèpéle. Kí-kí-kí, híkì!

Honorébù mọ ẹ̀rín yẹn. Ó yípadà. Fọlọ́runṣọ́ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Híkì!

"Òun ni!" ni àwọn ọmọ abúlé ké. "Ẹ̀rín ọjọ́ fìlà nìyẹn!"

"Fọlọ́runṣọ́," ni Honorébù wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Ìwọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fìlà yẹn ni. Bó ṣe ń lọ lórí omi yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra."

Gbọ̀ngàn fárí gá. "Pàṣán mẹ́fà!" ni àwọn kan ń ké mọ́ Honorébù. "Òfin tirẹ̀ ni! Pàṣán mẹ́fà!" Ẹnì kan ti fa pàṣán yọ nínú àpótí Honorébù, ó ń gbé e bọ̀. Honorébù rí i. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi.

Tẹ́milọ́rùn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó gun pèpéle, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọkùnrin náà dáadáa, bí ẹni tó ń wo ohun tó mọ̀. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má nà wọ́n," ló wí. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, kì í ró. Agogo ò mọ irọ́, kò sì mọ òótọ́. Mo ti gbá a títí, mo mọ̀ ọ́n."

Ó pa ètè dé, ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ètè rẹ̀ kò gbọ̀n. Pó, pó, pó. Ó ró dé ìta.

Alhaja Fàlílátù ya ìwé náà sí méjì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò parí tí wọ́n fi yọ Honorébù nípò. Wọ́n ní ó sọ fún ará ilé rẹ̀ pé pàṣán mẹ́fà ìbá sàn fún òun ju àánú ọmọ yẹn lọ, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tó ń jáde ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé náà, ó gbàgbé fìlà sórí àga, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kọjá láì tẹrí ba. Ẹnu ọ̀nà náà ga tó láti ọjọ́ yìí wá. Fọlọ́runṣọ́ ń bá ẹni tó gba ipò Honorébù ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹni yẹn sín lánàá, ìlú sì ti gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Tẹ́milọ́rùn lọ sílé-ìwé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò rẹ̀, kò sí ìka kankan lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́. Ó ku kí n gbá agogo tèmi fún yín. Bí kò bá wá ró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì na ọwọ́ sí pàṣán. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu mi bóyá ó ń gbọ̀n.